Àpótí ìmọ̀: Gílóòbù tráfíkétọ̀ fún bọ́ọ̀sì àtijọ́

Lójú ọ̀nà Hawan Kibo, níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Jos lọ sí Akwanga, tráfíkétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lè gba ẹ̀mí, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀nà. Má kàn ra gílóòbù nítorí pé ó jọ ti tẹ́lẹ̀.

Yọ èyí tó jó, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. 12V 21W ló wọ́pọ̀ jù lára bọ́ọ̀sì àtijọ́. 24V, ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni. Báìbáì ni yóò máa tàn nínú bọ́ọ̀sì oní-12V.

Lẹ́yìn náà, wo etí kékeré méjì tó wà lára ìdí náà dáadáa. Lára P21W, tí gíláàsì rẹ̀ kò ní àwọ̀, etí méjèèjì dojú kọ ara wọn gan-an. Lára PY21W, aláwọ̀ ọsàn, ọ̀kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí iná funfun má baà wọ abẹ́ ìdérí tí kò ní àwọ̀. Bí ìdérí fúnra rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, P21W ló bá a mu. Má ṣe jẹ́ kí rìwáyà kankan fi agbára ti gílóòbù tí kò bá a mu wọlé.

LED wà lọ́jà, ṣùgbọ́n iná tó ń fà kéré: fláṣà àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń mú kí tráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú, lè máa sáré ṣẹ́jú bíi pé gílóòbù kan ti jó, tàbí kó má ṣẹ́jú rárá. Ẹni tó bá fẹ́ LED gbọ́dọ̀ pààrọ̀ fláṣà pẹ̀lú.