Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: KÍRÓṢÉ FÚN ẸNI TÓ ṢẸ̀ṢẸ̀ Ń BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ra ìkọ́ kíróṣé, tí wọ́n á jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Lójú tiwa, ohun tó ń fà á ni pé àwọn tó ń kọ́ni a máa fi ọwọ́ hàn, wọn kì í sọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ Minna kì í ṣeré ní ìdájí oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ń wá fìlà nígbà náà, ẹni tó bá sì lè hun ún kò ní í wá owó fọ́tòkọ́pì tì.

Híhun ni kíróṣé, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí òfì. Lórí òfì Ìṣẹ́yìn, òwú òró àti òwú ìbú ló ń pàdé. Bákan náà ló rí ní Bida, níbí ní Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí àwọn obìnrin Nupe ti ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró ṣánṣán, bí àwọn ìyá wa ti ń hun kíjìpá. Ní ti kíróṣé, òwú kan àti ìkọ́ kan péré ni. Inú ojú kan la ti ń fa ojú mìíràn jáde. Nítìn-ìn ń lo abẹ́rẹ́ méjì, gbogbo ojú ìlà kan ló sì ń ṣí sílẹ̀ lórí abẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá já bọ́, ó lè tú dé ìsàlẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló sábà ń ṣí sílẹ̀ nínú kíróṣé. Nítorí náà la ṣe ń sọ pé kí ẹ kọ́ kíróṣé ṣáájú nítìn-ìn.

Ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí ìkọ́ kékeré ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹ má sì pè é ní iṣẹ́ ọ̀lẹ: nígbà tí ọ̀dùnkún bàjẹ́ ní Ireland ní 1845, tí ìyàn mú, léèsì kíróṣé wà lára ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń tà kí ilé lè jẹun.

Àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya, allura àti zare ló yá wa lẹ́nu ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu. Ìsokókó tó ń sún, tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, ojóbó ni. Ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ojú sì ni apẹja ń pe ihò àwọ̀n. A lè pe ti kíróṣé bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra òwú funfun tàbí òféfèé, nítorí dúdú kì í jẹ́ kí a rí ojú. Kí ìkọ́ jẹ́ mìlímítà 4 tàbí 5. Ẹ má yá ìkọ́ onídìrí tí a fi ń ṣe irun kíróṣé o! Ìyẹn ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́nu, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ ta ojóbó, kí ẹ ki ìkọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ fi ìkọ́ gbé òwú, kí ẹ fà á gba inú ojóbó: ẹ̀wọ̀n kan nìyẹn. Ẹ ṣe 21, ẹ má ka èyí tó wà lórí ìkọ́. Ẹ fo ẹ̀wọ̀n tó sún mọ́ ìkọ́ jù, kí ẹ ki ìkọ́ bọ èkejì, ẹ gbé òwú, ẹ fà á jáde. Méjì ti wà lórí ìkọ́. Ẹ tún gbé òwú, kí ẹ fà á gba inú méjèèjì pọ̀. Ojú kan dé. Bí ẹ bá hun ún dópin, ojú 20 ni. Èyí ni ìwé Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, tí ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní double crochet. Ẹni tí kò bá wo ibi tí ìwé rẹ̀ ti wá yóò hun nǹkan mìíràn.

Ibi tí a ti ń yí padà ni wàhálà wà. Ẹ ṣe ẹ̀wọ̀n kan kí aṣọ lè ga, ẹ yí i padà, kí ẹ sì hun sínú ojú àkọ́kọ́ gan-an. Ojú ìkẹyìn máa ń fara pamọ́. Bí ẹ bá fò ó, 20 á di 19, á di 18, aṣọ á parí sí ṣóńṣó. Ẹ máa kà á ní gbogbo ìlà. Bó bá dín, ẹ yọ ìkọ́, ẹ fa òwú, yóò tú, ẹ tún un hun.

Fìlà ọmọ wá ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n 4, ẹ so ó di òrùka, ojú 6 sínú rẹ̀. Ní ìyípo kejì, ojú méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 12. Ìkẹta, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì sínú ojú kan: 18. Ìkẹrin, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì: 24. Mẹ́fà mẹ́fà ló ń lé sí i. Bí etí bá ń ká sókè bí ife, àfikún kò tó. Bó bá ń wé bíi léèsì, ó pọ̀ jù. Ẹ so òwú àwọ̀ mìíràn mọ́ ojú àkọ́kọ́ ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Orí ọmọ tuntun tó bí sẹ̀ǹtímítà 35 yíká. Ẹ fi 3.14 pín in, ó lé díẹ̀ ní 11. Òwú máa ń fà, nítorí náà bí àwo yín bá ti fẹ̀ tó 10 sí 11, ẹ dá àfikún dúró, kí ẹ máa hun ojú kan sínú ojú kan títí fìlà yóò fi jìn tó 13 láti àtàrí. Ẹ gé òwú, kí ó ku bí 15, ẹ fà á gba inú ojú ìkẹyìn, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá rán an lọ rán an bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú fìlà kí ó má baà tú.