Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ WA: ỌMỌ TÍ ARA RẸ̀ Ń YÍ PADÀ LẸ́YÌN ÈRÒ ÀTI ARIWO

Ibi kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:4-8

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìyá ń gbé sínú nìkan.

Ọmọ kan wà láàrin wa ní Tẹ̀dé níbí tí kì í lè fara da ariwo. Bí a bá ṣe ìsìn ìkórè tán, tí ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́, ara rẹ̀ á gbóná, òógùn á bò ó. Kò ní pẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù bí omi àmù, á sì máa gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ rò pé ibà ni, ó sì ń ra oògùn ibà fún un léraléra láìṣe àyẹ̀wò. Àwa náà kò ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. A jẹ̀bi. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní ọ́tísíìmù ni.

Kí ni ọ́tísíìmù?

Kì í ràn, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ló yàtọ̀. Ní 1943, Dókítà Leo Kanner kọ̀wé ní Amẹ́ríkà nípa ọmọ 11 tí ó wà ní irú ipò yìí. Ní 2013, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ náà fi ń dá a mọ̀ fi ohun kan kún àwọn àmì rẹ̀: ariwo tàbí ìfọwọ́kàn lè ni ọmọ náà lára ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè dà bí ẹni tí kò mọ ooru, òtútù tàbí ìrora.

Kí ló dé tí ara ń yí padà?

Apá kékeré kan nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, ló ń ṣọ́ ìgbóná ara kí ó má ju nǹkan bí 37 lọ lórí tẹmọ́mítà. Nígbà tí ariwo, òórùn lọ́fínńdà àti ìkíni bá pọ̀ jù, ọpọlọ á rò pé ewu dé. Oje ara tí ń jẹ́ adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀; àyà á máa lù kìkì, òógùn á bo ara, ẹ̀jẹ̀ á fà sẹ́yìn ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ó bá rọlẹ̀ tán, òógùn á gbẹ mọ́ ọn lára, àárẹ̀ á dé, òtútù á mú un. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà tí ó ní ọ́tísíìmù pẹ̀lú.

Ewu mìíràn ni pé ọmọ náà lè má mọ̀ ọ́n lára. Ó lè wọ súwẹ́tà nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà, kí ó rìn níhòòhò nínú ọyẹ́, kí òùngbẹ sì máa gbẹ ẹ́ láìbéèrè omi.

Ohun tí a lè ṣe

1. Kí a wọ aṣọ òwú fífẹ́lẹ́ fún un, kì í ṣe léèsì tí ó nípọn nítorí ẹgbẹ́jọdá.
2. Kí a fún un lómi láti ìgbà dé ìgbà, kí a má dúró dìgbà tó bá béèrè.
3. Kí a mú un jáde síbi ìbòòji kí ó tó rẹ̀ ẹ́ jù, kí a jẹ́ kí ó sinmi láìsí ìbéèrè.
4. Bí ara bá gbóná, aṣọ tí a rẹ sínú omi lásán tó. Bí ó bá tutù, kí a fi ìró bò ó. Kí a má ṣe gbé iná èédú sínú yàrá tí a tì; èéfín rẹ̀ ń pani.
5. Bí tẹmọ́mítà bá fi 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn, kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ọ́tísíìmù kò ní kí ẹ̀fọn má jẹ ọmọ.
6. Bí ó bá ń lo oògùn ọpọlọ, kí a bi dókítà léèrè, nítorí àwọn kan nínú wọn ń dí ara lọ́wọ́ láti tutù.

Bí ara bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tí ó ń bì, tí ó dákú tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn kíákíá ni. Kí a má ṣe fún un ní ìtọ̀ màlúù, kí a má ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé wà ní UCH, Ìbàdàn.

Ẹ wo Èlíjà. Lẹ́yìn èrò orí òkè Kámẹ́lì àti ìhàlẹ̀ Jésébẹ́lì, ó rẹ̀ ẹ́ títí ó fi bẹ̀bẹ̀ fún ikú. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Oúnjẹ, omi àti oorun ló fún un, kí ó tó sọ ti ìrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ ni kí àwa náà ṣe.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọ̀rọ̀ wo ni a ti sọ sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí a tọrọ àforíjì fún?
2. Níbo nínú ọgbà ìjọ wa ni a lè yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ariwo bá pọ̀ jù fún?
3. Ta ni yóò bá ìyá náà jókòó níta, kí ó má bàa dá nìkan wà?