Iṣẹ́ Ọwọ́ Ló Ń Pa Gbẹ̀gìrì

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí là ń sọ, n kò ní jiyàn. Ta ni yóò ro ẹ̀fọ́ láìsí panla, pọ̀nmọ́ àti edé, tí ẹnu yóò gbà á? Ṣùgbọ́n òwe yìí kò bá gbẹ̀gìrì wí. Ẹ̀wà, omi, ata, àlùbọ́sà, epo àti iyọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìyẹn lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń pa gbẹ̀gìrì. Mo ti jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti kó ṣàkì àti bọ̀kọ́tọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí èèpo ẹ̀wà sì ń há mi léyín. Mo ti jẹ ẹ́ lórí àmàlà níbi tí kò ti sí ẹran kankan, tí mo sì fi ìka nu abọ́.

Láti ọjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà olóyin ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó tètè ń rọ̀, adùn rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀wà funfun náà kò burú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ̀wà jẹ́ tuntun. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò máa ń pọ́n sí i, àwọ̀ rẹ̀ á máa dúdú lọ, irú rẹ̀ yóò jẹ gáàsì yín tán kò sì ní yọ́. Bí ẹ bá dé Bódìjà tàbí ọjà mìíràn, ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò, ẹ bu díẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀wà tó ń run oògùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Nítorí apakòkòrò dichlorvos tí àwọn kan ń da sí ẹ̀wà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ wa lọ́dún 2015. Èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú sílé kò nílò oògùn kankan. Ẹ kó o sínú fìríìsà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á kú. Tàbí kí ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, kò ní lè jẹ ẹ̀wà.

Wàyí o, bíbó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ wọn ife ẹ̀wà méjì fún èèyàn bí mẹ́fà, ẹ ṣà á, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ máa wo èèpo rẹ̀: bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúnjọ lára ọmọ ẹ̀wà, ó tó. Ẹ bù ú sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ẹ máa fi wọ́n pa ara wọn. Ẹni tó bá ní odó lè da omi díẹ̀ sí i, kó sì máa fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Títẹ̀ ni mo wí, n kò wí gígún o. Ẹ̀wà tó bá di lẹ́búlẹ́bú nínú odó, omi ni yóò gbé e lọ, owó yín ló sì ń bá omi lọ yẹn. Bíléńdà náà lè ṣe é, bí omi bá pọ̀ níbẹ̀ tí ẹ sì ń tẹ̀ ẹ́ pa tẹ̀ ẹ́ tàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi púpọ̀ lé e, ẹ fi ọwọ́ rò ó yí po. Èèpo á léfòó, ẹ̀wà á rì. Ẹ ṣẹ́ omi náà sínú asẹ́ kíákíá kí èèpo tó padà wálẹ̀, kí ẹ tún da omíràn sí i, títí omi yóò fi mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí nìyí, tí ọbẹ̀ wọn sì ń dúdú tótòtó. Ẹ tẹ́ ẹ̀wà náà sínú àwo funfun kí ẹ wá àwọn tí ojú dúdú ṣì wà lára wọn. Èèpo tó yí ojú yẹn ká ló máa ń lẹ̀ jù, kì í yọ́ lórí iná, ìjábẹ̀ kò sì lè rí nǹkan ṣe sí i. Ẹ mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná ṣí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹ pe àwọn ọmọ jókòó yí ọpọ́n ká. Àwọn àgbà ní olóbẹ̀ ló lọkọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí ọkọ má bá a bó ẹ̀wà. Àkàrà, mọ́ínmọ́ín, àti acarajé tí àwọn obìnrin ń dín ní ìgboro Salvador ní Bràsíìlì, orí bíbó yìí kan náà ni gbogbo wọn dúró lé.

Sísè kò ní ariwo. Ife omi mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà díẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Bó bá hó, ìfófòó á ru sókè. Ẹ fi ṣíbí gbọ́n ọn kúrò, ẹ dín iná kù, kí ẹ sì ṣí ìdérí sílẹ̀ díẹ̀. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ti gbẹ̀gìrì gbọdọ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jó, torí pé bó bá jó péré, gbogbo ìkòkò ló gba òórùn náà, kò sì sí ata tó lè bò ó. Ẹ máa fi orógùn kan ìdí rẹ̀ wò, ẹ máa bu omi gbígbóná kún un bó ṣe ń fà. Ata àti tòmátì kò gbọdọ̀ tíì wọ ibẹ̀: kíkan inú tòmátì kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀ bọ̀rọ̀. Iyọ̀ náà, ẹ fi í dẹ̀yìn, torí omi ń fà, iyọ̀ kì í fà. Ní bíi wákàtí kan, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹ̀wà mọ́ ara ìkòkò. Tí ẹ kò bá gbọ́ hóró kankan lábẹ́ ṣíbí, ó ti yọ́.

Àwọn tó ń kánjú máa ń ju káún sí i. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Káún ń mú kí ẹ̀wà tètè yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa fítámì B1 inú rẹ̀, bó bá sì pọ̀, ọṣẹ ni ẹnu yóò máa gbọ́. Bí ẹ̀wà bá le tí kò sí ọgbọ́n mìíràn, ẹ fi èyí tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lo pressure pot, kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀wà àti omi dé ìlàjì rẹ̀, torí ìfófòó ẹ̀wà lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde.

Ìjábẹ̀ ló kù. Ẹ nà á ró nínú ìkòkò, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i lọ yí i bọ̀, títí ọbẹ̀ yóò fi máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Nígbà náà ni kí ẹ da ata rodo àti tàtàṣé lílọ̀ sí i, epo pupa ṣíbí ìdáná méjì, edé lílọ̀ bí ó bá wà, àti iyọ̀. Kó hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ata má baà run tútù. Lórí ọ̀rọ̀ irú, ìjà kò tíì parí láàárín àwa olóúnjẹ. Èrò tèmi ni pé irú ti wà nínú ewédú tí a ó bù tẹ̀ lé e, kí gbẹ̀gìrì máa dá dùn. Kọ́rì àti táìmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ráìsì. Ẹran náà, inú ọbẹ̀ ata ni ààyè rẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi gíráàmù 23 èròjà amáradàgbà nínú, ebi ẹran kò pa ẹni tó jẹ ẹ́.

Gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan, pàápàá lásìkò ooru. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ bù ú sọ́tọ̀ kí ewédú tó kàn án, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kó sì wọ fìríìjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Yóò dì, omi gbígbóná díẹ̀ àti iná jẹ́jẹ́ ni yóò tú u.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, tí ẹ̀wà olóyin wọ́n lọ́dọ̀ yín, ẹ wo split peas aláwọ̀ ìyeyè ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà. Àwọn ará Sweden máa ń fi ẹ̀yà rẹ̀ se ọbẹ̀ tó ki fún Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rọ ti bó o, ó ti là á sí méjì, iṣẹ́ tó le jù ti tán kó tó dé ilé yín. Ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, omi ife mẹ́rin sí ife kan, wákàtí kan lórí iná kékeré. Ó ní adùn díẹ̀ ju ẹ̀wà wa lọ, nítorí náà ẹ dín àlùbọ́sà kù, ẹ fi ata kún un. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti gba irú láàyè. Bí ẹ kò bá ní ìjábẹ̀, whisk onírin tí ẹ fi ń lu ẹyin yóò ṣe é, bí ọwọ́ yín kò bá dẹ̀.