Kí àmì-ẹ̀yẹ má baà jẹ owó òwò yín: Ẹ̀kọ́ lára àwọn obìnrin oníṣòwò tí ìlú dá lọ́lá

Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin kì í fi ogún ọdún tajà, kó máa bá ẹlẹgbẹ́ gbé dáadáa, kí ìlú má wá ọ̀nà láti ṣe é lẹ́yẹ. Àwọn kan á fi í jẹ Ìyálọ́jà, àwọn mìíràn á fi í jẹ Ìyálóde, ìjọ á fi í jẹ Ìyá Ìjọ, mọ́ṣáláṣí á fi í jẹ Ìyá Àdínnì. Láyé òde òní, àwọn ẹgbẹ́ á tún gbé àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì lé e lọ́wọ́, wọ́n á sì ya fọ́tò. Nǹkan tó dáa ni. Àwọn àgbà ló sọ pé yinniyinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di òwò mọ́ àwọn kan lọ́wọ́. Lẹ́tà á dé sí ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti mú yín mọ́ àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ta yọ jù lọ lọ́dún yìí. Inú á dùn. Nígbà tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí owó tábìlì níbẹ̀, ẹ ó rí owó ojú ewé nínú ìwé ètò, ẹ ó rí owó fọ́tò àti fídíò. Ẹ ó tún rán aṣọ, ẹ ó háyà ọkọ̀, ẹ ó bọ́ èrò tó bá yín lọ. Bí ayẹyẹ bá parí, àmì-ẹ̀yẹ á wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ọjà kò ní sí lórí igbá.

Nítorí náà la ṣe ní ká yẹ ìgbésí ayé àwọn obìnrin kan wò lónìí, àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà dé ibi ọlá? Kí ni oníṣòwò kékeré lè rí kọ́ níbẹ̀?

Ẹ̀kọ́ kìíní: Iṣẹ́ ló ń ṣáájú, oyè ló ń tẹ̀lé e

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Òwò tábà àti iyọ̀ wà lára ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Àgbádárìgì, kó tó di ẹni ńlá l'Ékòó. Ní ọdún 1856, Benjamin Campbell tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó. Ẹlòmíràn ì bá jókòó, kó máa sunkún. Abẹ́òkúta ló gbà lọ, ó sì tún òwò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhómì dojú kọ àwọn Ẹ̀gbá, ó wà lára àwọn tó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Ọdún 1864 ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Ó kú ní 1887, ṣùgbọ́n gbàgede Tinúbú ṣì wà l'Ékòó di òní.

Ẹ wo bó ṣe tò ó: òwò ló kọ́kọ́ dúró, ó ran ìlú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìlú nílò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni oyè dé. Kò sí ibi tí a ti kà pé ó ta ọjà rẹ̀ kó tó lè rówó jẹ oyè.

Ó yẹ ká sọ ìyókù náà. Òwò ẹrú wà lára òwò tó sọ ọ́ di olówó, àbùkù ńlá sì nìyẹn. Bí a bá ń yin ènìyàn, ká má ṣe gbé irọ́ tì í. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọn yóò tẹ̀ lé àti èyí tí wọn yóò sá fún.

Ẹ̀kọ́ kejì: Oyè kì í bá ni gba gbèsè

Púpọ̀ nínú yín ló mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú ìwé eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ọmọ Ẹ̀gbá lòun náà, Ìbàdàn ló ti là. Ó ní oko ńlá, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ, ó sì jẹ Ìyálóde Ìbàdàn. Ohun tí àwọn oníṣòwò kì í sábà fiyè sí ni pé ó ń fún àwọn ìjòyè ológun ní ohun ìjà láwìn. Gbèsè ọ̀hún pọ̀. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró, kò fún wọn mọ́.

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, pé kò jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọdún 1874, ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi pa á.

Ẹ̀yin tó ń ta ìrẹsì, aṣọ, símẹ́ńtì tàbí oúnjẹ fún àwọn ènìyàn ńlá, ẹ fetí sí èyí. Ẹni tí ẹ kò lè dojú kọ láti sin lówó, ẹ má ta ọjà fún un láwìn ju ohun tí ẹ lè gbàgbé lọ. Ẹ pinnu iye tí àwìn kò gbọdọ̀ kọjá nínú òwò yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹni tó bá gbà á sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá joyè lọ́la, àwọn tó fẹ́ gba àwìn lọ́wọ́ yín á tún pọ̀ sí i ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Orúkọ olórí kì í ṣe ọjà títà

Ẹja ni Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà ń tà l'Ékòó. Kò kàwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òun ni olórí ọjà Eréko, òun náà sì ni àwọn obìnrin ọjà Èkó fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Lóṣù kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n wọ́ lọ bá ìjọba. Ìjọba gbé e kúrò ní £50, ó di £200, ó sì bọ́ lọ́rùn ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ta nǹkan kéékèèké.

Lásìkò ogun Hitler, ìjọba tún fẹ́ máa fi iye lé oúnjẹ fún àwọn aláta àti elélùbọ́, pàápàá gàrí. Ọ̀gbẹ́ni Pullen ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà. Ìtàn sọ pé ó fẹ́ máa fún Pẹlẹ́wùrà ní £100 lóṣooṣù tó bá lè bá a yí àwọn obìnrin lọ́kàn padà. Ìyá kọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọdún 1945, ètò náà kógbá sílé. Pẹlẹ́wùrà kú ní 1951.

£100 lóṣooṣù nígbà náà kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n ká ní ó gbà á ni, ta ni yóò tún gbà á gbọ́ lọ́jà lọ́jọ́ kejì? Ọlá olórí ọjà kò sí níbòmíràn ju ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá a tajà lọ. Ẹni tó bá ta ìyẹn, kò sí owó tó lè fi rà á padà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ran ìlú lọ́wọ́

Àwọn kan rò pé ó dìgbà tí ènìyàn bá lówó bíi Dangote kó tó ran ìlú lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni Alhaja Humuani Alága ń tà n'Íbàdàn. Ní ọdún 1958, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí mìíràn dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní 1964, ilé-ẹ̀kọ́ girama Isabatudeen fún àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba ibẹ̀ jáde ti di ìyá àgbà.

Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, fi àdìrẹ ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà ló ti kọ́ iṣẹ́ aró. Ní ọdún 1983, ó dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ l'Óṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn láìgba kọ́bọ̀. Ní 2006, ìjọba Ítálì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ńlá nítorí bó ṣe ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ran àwọn ọ̀dọ́bìnrin Nàìjíríà lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n ti kó lọ ṣe òwò nàbì lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́tàlélógún ló wà láàárín 1983 sí 2006. Ẹ̀yin náà ẹ lè fi tiyín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òbí rẹ̀ kò lówó ìkọ́ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Ká fi ìyá kan tó ń tajà ṣe àpẹẹrẹ. Owó òwò rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Èrè tó ń rí lóṣù jẹ́ ₦90,000, ìyẹn náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ná ₦60,000 nílé, ó ń fi ₦30,000 pamọ́. Lẹ́tà àmì-ẹ̀yẹ wá dé. Tábìlì, aṣọ, ọkọ̀ àti fọ́tò jẹ́ ₦250,000. Tó bá jẹ́ pé inú owó tó ń fi pamọ́ ni yóò ti san án, yóò ju oṣù mẹ́jọ lọ kó tó pé.

Ṣùgbọ́n kì í sí ẹni tó ń dúró fún oṣù mẹ́jọ. Inú owó òwò ló máa yọ ọ́. Owó òwò á di ₦350,000. Tí èrè bá ṣì jẹ́ náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún, ₦52,500 ló máa rí lóṣù. Ilé sì ń ná ₦60,000. Ìyá tó ń fi ₦30,000 pamọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń jẹ owó òwò rẹ̀ ní ₦7,500 lóṣù báyìí. Bí owó òwò bá sì ṣe ń dínkù ni èrè náà á máa dínkù. Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń kógbá sílé nìyẹn, tí àwọn ará àdúgbò á ní ayé ló ń ṣe é.

Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó gbé lẹ́tà wá

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: ta ló dárúkọ mi fún yín? Ẹni tó mọ iṣẹ́ yín á lè sọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ tún bi wọ́n pé: ta ni ẹ fún lọ́dún tó kọjá, ṣé mo lè bá wọn sọ̀rọ̀? Ìkẹta: tí mi ò bá san kọ́bọ̀, ṣé ẹ ó ṣì fún mi? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Tí wọ́n bá ní rárá, kì í ṣe pé wọ́n ń yìn yín, ọjà ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ dáhùn bí ẹ ṣe ń dá gbogbo ọlọ́jà lóhùn: tí kò bá ní mú èrè wá, ẹ má rà á.

Bí ẹgbẹ́ yín ṣe lè dá obìnrin lọ́lá láìjẹ gbèsè

Kò yẹ kí a torí àwọn oníjìbìtì pa àṣà rere tì. Ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ onídìrí, gbogbo wọn ló lè ṣe é. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ wò sílẹ̀: ṣé ó ń san gbèsè lásìkò? Ọmọ-iṣẹ́ mélòó ló ti ṣe fìríìdọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ń dá dúró báyìí? Nígbà tí iná jó ọjà, tàbí tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣòfò, kí ló ṣe? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a ná ọjà, àwọn alájọ àti àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan.

Tí ẹ bá jẹ́ àádọ́ta nínú ẹgbẹ́, tí kálukú dá ₦4,000, ₦200,000 nìyẹn. Ẹ fi ₦50,000 ṣe ìwé ẹ̀rí, kí ẹ fi ra ìpápánu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fi ₦150,000 tó kù ran ọmọ-iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fìríìdọ̀mù lọ́wọ́, kí ẹ sì fi orúkọ ìyá náà pe ẹ̀bùn ọ̀hún. Ẹni tí ẹ ń dá lọ́lá kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹta, tí gbogbo ayé ń ṣe àyájọ́ àwọn obìnrin.

Ohun tó kẹ́yìn ni pé kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìtàn ìyá náà sínú ìwé: ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó tà, wàhálà tó borí, àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Àwọn obìnrin oníṣòwò tó tó Pẹlẹ́wùrà pọ̀ láwọn ọjà wa láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Ìwé ogójì ewé kò wọ́n. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.