ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ta ló ń bọ́ ọmọ ogun Ìbàdàn?

Ní 1973, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí bí ètò ogun Ìbàdàn ní ọ̀rúndún 19 ṣe so mọ́ ọrọ̀ ajé ìlú náà. Kókó rẹ̀ ni pé ogun nìkan kọ́ ni Ìbàdàn ń jà. Ó ń dáko, ó sì ń ṣòwò pẹ̀lú.

• Oko: Olóyè ogun kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ ọmọ ogun tirẹ̀. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun ló ń ro oko ńláńlá àwọn olóyè náà.
• Ìṣákọ́lẹ̀: Ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú Ìbàdàn, ló ń gbà á ní àwọn ìlú tí Ìbàdàn ṣẹ́gun.
• Ìbọn àti ẹ̀tù: Láti etíkun ni wọ́n ti ń wá. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà a máa tà wọ́n láwìn fáwọn jagunjagun. Bí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bá ti ọ̀nà etíkun, ẹ̀tù á wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà fi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú.

Rò ó wò: Nínú oko, ìṣákọ́lẹ̀ àti ọ̀nà òwò, èwo ni ogun kò lè ṣe láìní?