Sísọ Honda C70 Di Alùpùpù Oníbátìrì

Alùpùpù oníbátìrì tí èèyàn tò fúnra rẹ̀ nílé kò ju nǹkan márùn-ún lọ: férémù, bátìrì, kọ̀ǹtírólà tó ń bu iná fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àti bíréèkì. Ibi ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lọ sí Alábà, wọ́n á ra èyí tí wọ́n kọ wáàtì 3000 sí lára, wọ́n á wá máa wá bátìrì tó lè gbé e. Òdì ni wọ́n gbà á yọ. Ọ̀nà tí alùpùpù náà yóò máa tọ̀ ló ń sọ bí bátìrì yóò ṣe tóbi tó. Bátìrì ló ń sọ iye iná tí kọ̀ǹtírólà lè fà. Kọ̀ǹtírólà ló ń sọ ẹ̀rọ tó yẹ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ kì í ra nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrìn òòjọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Alùpùpù tí òun àti ẹni tó gùn ún jọ wọ̀n tó kílò 160, tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, máa ń jẹ wáàtì-wákàtí 25 sí 35 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́ nílò bíi 900. Ṣùgbọ́n bátìrì kò gbọ́dọ̀ gbẹ tán, ó sì ń darúgbó. Tí wọ́n bá fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n tún fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ de ọjọ́ ogbó, ohun tí wọ́n á rà yóò sún mọ́ 1500. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bátìrì tó bá ju èyí lọ, ẹrù lásán ni wọ́n ń gbé kiri.

Òkè ni kí wọ́n wò tẹ̀ lé e. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ga ní mítà 8 nínú mítà 100, irú èyí tó pọ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, yóò béèrè bíi wáàtì 1800 lọ́wọ́ bátìrì kí alùpùpù yìí tó lè fi eré kìlómítà 30 ní wákàtí gùn ún. Ní fólítì 51, èyí tí bátìrì tó yẹ yóò ní, áńpù 35 nìyẹn. Áńpù 35 yìí ni gbogbo iṣẹ́ tó kù yóò rọ̀ mọ́. Ọ̀nà náà tún ní òfin tirẹ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, títí kan Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Àpápá. Ẹni tó fẹ́ lo alùpùpù nírú ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rò pé bátìrì ti yọ òun kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kó béèrè kó tó náwó.

Ní ti férémù, kò sí èyí tó rọrùn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ti Honda C70 àtijọ́, irú èyí tí wọ́n pa tì sẹ́yìnkùlé àwọn àgbàlagbà. Ìdílé Super Cub, tí Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1958, ló ti jáde. Ó fúyẹ́, ríìmù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 17 tí kì í bá kòtò jà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì so rọ̀ sábẹ́ férémù lórí bọ́ọ̀tì gígùn méjì. Tí wọ́n bá ti tú wọn, tí wọ́n yọ ṣéènì àti kébù, àyè bátìrì ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Irin ìtẹ̀sẹ̀ C70 kò sí lára férémù. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dè é mọ́. Ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì ti yọ ibi tí agùnmáṣíìnì ń gbẹ́sẹ̀ lé. Àpótí bátìrì ni yóò gba ipò náà, nítorí náà irin gidi ni jórinjórin gbọ́dọ̀ fi ṣe ìdí rẹ̀, kí ó lè gbé bátìrì, kí ó sì tún gba ìwọ̀n ẹni tó dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ nígbà tó bọ́ sí gálọ́ọ̀pù.

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ ni férémù yìí, inú rẹ̀ ló sì ti ń dípẹtà wá síta. Kí wọ́n fi ìdí sùkúdíráífà máa gbá a láti ọrùn títí dé ibi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá le dára. Ibi tó bá ń dún bí ìgbà tí wọ́n gbá páálí, gígé ni kí wọ́n gé e kúrò kí wọ́n tó fi irin mìíràn dí i. Ọ̀dà tuntun kì í ṣe àtúnṣe. Gbogbo ìjórin sì gbọ́dọ̀ parí kí sẹ́ẹ̀lì bátìrì kan ṣoṣo tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

Bátìrì ásíìdì bíi ti ọkọ̀ ló rọ̀jú jù lọ́jà, òun náà ló sì ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Mẹ́rin tó jẹ́ fólítì 12, áńpù-wákàtí 20, wọ̀n ju kílò 25 lọ, bẹ́ẹ̀ ìdajì ohun tó wà nínú wọn nìkan ni èèyàn lè máa lò lójoojúmọ́ kí wọ́n má bàa tètè kú. Sẹ́ẹ̀lì roboto tí wọ́n tú nínú láptọ́ọ̀pù tó ti bàjẹ́ náà máa ń wọ ọmọ iṣẹ́ lójú torí pé ó pọ̀. Àárẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ọ̀kan tó bá ti rẹ̀ jù ni yóò máa fa àwọn yòókù sẹ́yìn, yóò sì máa gbóná láàárín wọn. Tó bá gbiná, inú rẹ̀ ló ti ń tú afẹ́fẹ́ tó ń mú iná jó jáde, garawa omi kan kò sì ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Irú èyí kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń gbé sábẹ́ ìdí èèyàn.

Èyí tó yẹ ni LiFePO4, irú èyí tó wà nínú bátìrì ìnvẹ́tà tuntun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólítì 3.2, tó bá kún, 3.65, kò sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 2.5. Mẹ́rìndínlógún tí wọ́n so tẹ̀ léra wọn á fúnni ní fólítì 51.2, tí áńpù-wákàtí rẹ̀ bá sì jẹ́ 30, wáàtì-wákàtí 1536 ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 15 lọ. Àwọn kan á fẹ́ lọ sí fólítì 72 nítorí eré. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ tó bá kún á ti kọjá fólítì 80, ọwọ́ tó bá sì fi òógùn kàn án á mọ̀ ọ́n lára. Ó dára kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ́ fólítì 51 yìí.

Kí wọ́n tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, kí wọ́n fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí fólítì wọn sì bára mu. Òrùka àti aago irin gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́. Kí wọ́n fi téèpù wé sípánà látòkè délẹ̀ àfi ẹnu rẹ̀, torí sípánà tó já bọ́ sáàárín orí bátìrì méjì á pọ́n bí ẹyin iná kí èèyàn tó rí i gbé kúrò. Lẹ́yìn náà ni BMS, pátákó tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n má bàa kún jù tàbí gbẹ jù. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 17 ló ń ti ara rẹ̀ lọ sí bátìrì, ibẹ̀ sì ni àìfarabalẹ̀ ti ń ba owó jẹ́. Kí wọ́n so gbogbo wáyà mọ́ bátìrì, ṣùgbọ́n kí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wọn má tíì wọ inú pátákó. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ dúdú mítà kan wáyà àkọ́kọ́, kí wọ́n wá máa fi ẹsẹ̀ pupa kan èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kà bíi 3.3, á kà 6.6, á kà 9.9, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí dé bíi 53. Ibi tó bá ti fò tàbí tó padà sẹ́yìn, wáyà méjì ti gba ipò ara wọn níbẹ̀. Tí wọ́n bá kì í wọlé láìwò, èéfín ni yóò sọ fún wọn.

Lórí áńpù 35 tí òkè béèrè, kọ̀ǹtírólà kò gbọ́dọ̀ fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, BMS gbọ́dọ̀ lè gbé 50 láìsinmi, wáyà ńlá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 10 lójú ibi tí wọ́n gé e, irú èyí tí àwọn tó ń fa wáyà sílé mọ̀ dáadáa. Kó jẹ́ èyí tó rọ̀ nìkan. Fíúsì áńpù 50 ni kó wà lórí wáyà pupa, kó sún mọ́ bátìrì débi tí ohunkóhun kò fi ní lè gé wáyà láàárín wọn. Fíúsì ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà kò tó: fólítì 32 ni wọ́n ṣe é fún. Ní fólítì 50, ó lè já kí iná ṣì máa fò kọjá láàárín rẹ̀. Bíréékà ilé fún iná NEPA náà kò yẹ, torí iná bátìrì kì í sinmi bí ti NEPA, kì í sì í rọrùn láti já.

Orí wáyà ńlá kì í ṣe ibi tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀dì sí. Lẹ́ẹ̀dì máa ń mú kí ìdí wáyà gan, tí alùpùpù bá sì ti ń gbọ̀n, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́. Kí wọ́n fi irinṣẹ́ tẹ orí irin tó gbá wáyà náà mú, kí wọ́n wá fi gbogbo agbára fà á. Èyí tó bá yọ lọ́wọ́, ó dára pé ilé ló ti yọ.

Ẹ̀rọ ní ọ̀nà méjì. Èyí tí wọ́n gbé sí ipò ẹ́ńjìnnì tó ń fa ṣéènì lágbára lórí òkè, ó sì jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn àti bíréèkì rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà. Ìtò rẹ̀ ló le. Èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn rọrùn láti dè, kò sì ní ṣéènì, ṣùgbọ́n bó bá ń rọra gun òkè gígùn, ooru ni iná yóò máa dà. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ nínú wọn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára lókè 80°C. Fún ilẹ̀ tó tẹ́jú bíi ti Èkó, ti inú họ́ọ̀bù ni kí wọ́n mú. Fún Abẹ́òkúta, ìnira ti oníṣéènì tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá mú ti họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí ọ̀pá àárín rẹ̀. Bí táyà ṣe ń yí síwájú ni ọ̀pá náà ń fẹ́ yí sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹlẹbẹ, kí ẹnu àlàfo tó wà lápá ẹ̀yìn férémù lè dì í mú. Ẹnu àlàfo C70 kò bá pẹlẹbẹ yìí mu. Tí àyè díẹ̀ bá wà láàárín wọn, ọ̀pá á máa mì, á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì yí bírí lọ́jọ́ kan, á lọ́ wáyà tó ti inú rẹ̀ jáde já pátápátá. Nọ́ọ̀tì líle kò lè dá a dúró. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà 8 ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi fáìlì yún ihò rẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi wọ̀ ọ́ pẹ́kẹ́, tí kò ní mì rárá, kí wọ́n wá fi bọ́ọ̀tì de irin náà mọ́ apá férémù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Fáìlì yìí lè gba ọ̀sán kan gbáko. Kò sí ẹ̀rọ tó ń yára ṣe é dáadáa nílé.

Bíréèkì ẹ̀yìn C70 wà nínú họ́ọ̀bù àtijọ́, bí wọ́n bá sì yọ ọ́, ó bá a lọ. Ẹ̀rọ họ́ọ̀bù tó ní àyè bíréèkì onídúrọ́mù lára ni kí wọ́n rà, èyí tí kò ní àyè bíréèkì kankan kò yẹ fún alùpùpù rárá. Ọwọ́ bíréèkì gbọ́dọ̀ ní swíìṣì tó ń gé iná ẹ̀rọ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án.

Ìtanná àkọ́kọ́ ni kó wáyé pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn lókè, lórí igi tàbí àpótí tó dúró ṣinṣin. Inú kọ̀ǹtírólà ní àwọn ohun tó ń gba iná mu lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ẹnu wáyà fi máa ń ta páràpárà tí ó sì ń jó dúdú. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba inú gílóòbù wáàtì 100 fi iná wọlé. Bó bá tàn fìrí tó sì kú, ó dára; bó bá ń tàn báìbáì tí kò kú, wáyà méjì ti kan ara wọn níbì kan. Wáyà dúdú tírótù, ọwọ́ tí wọ́n ń yí fún eré, ni kí wọ́n tún yẹ̀ wò: tó bá já, fólítì tírótù lè ròkè dé 5, kọ̀ǹtírólà tí kò gbọ́n á sì rò pé wọ́n ti yí i dé òpin. Àwọn tó ti rí alùpùpù tó dédé fò lọ láìsí ẹni lórí rẹ̀ ló mọ ìdí tí táyà fi gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n tó ń kùn dípò kó yí, kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n máa pààrọ̀ ipò àwọn wáyà ńlá mẹ́ta. Ọ̀nà mẹ́fà péré ló wà.

Òjò kò le bí èèyàn ṣe rò, tí wáyà bá kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kó tó gòkè wọ inú àpótí, kí omi lè kán bọ́ sílẹ̀.

Ṣájà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti fólítì 58.4 fún LiFePO4, kì í ṣe ti bátìrì ásíìdì. Ní áńpù 5, wákàtí mẹ́fà ni bátìrì tó gbẹ yóò fi kún. Bí iná NEPA bá ń lọ sókè lọ sódò, sìtẹ́bíláísà ni kó wà láàárín wọn. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó fi iná sí i, torí ju 45°C lọ kò yẹ kó máa gba iná; kò sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ará ilé máa ń gbà jáde. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ibùdó ni àwọn tó ń gun alùpùpù oníbátìrì Spiro ti ń fi bátìrì tó gbẹ pààrọ̀ èyí tó ti kún. Ẹni tó ń tò ó nílé náà lè ṣe àpótí rẹ̀ ní ọlọ́wọ́ méjì, kó lè máa yọ ọ́ wọlé, bí kílò 15 kò bá wúwo jù fún un.

Lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì ọ̀pá ẹ̀yìn, sípókù, bọ́ọ̀tì ìtẹ̀sẹ̀ àti orí wáyà ńlá ni kí wọ́n tún fún. Kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí wáyà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìrìn gígùn. Èyí tó bá gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kò gbá mú dáadáa. Kí wọ́n máa wọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, torí sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ kú máa ń fi hàn nínú ìwé yẹn kó tó hàn lójú ọ̀nà. Bátìrì tí kò bá lè gbé ìrìn òòjọ́ mọ́ ṣì wúlò nílé fún gílóòbù àti fáànù, tí BMS rẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀.