Iṣẹ́ Káàdì Àfọwọ́ṣe Nínú Ilé: Bí Ohun Tí Ọwọ́ Wa Fẹ́ràn Ṣe Lè Di Òwò

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa àti ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n tí wọn kò kà á sí iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ni káàdì àfọwọ́ṣe, èyí tí a fi bébà líle, sísọ́ọ̀sì, gọ́ọ̀mù àti tàdáwà ṣe, tí a kọ orúkọ ẹni tí a fẹ́ kí sí, tí a sì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó bá ti dé ibi yìgì, ibi ìsọmọlórúkọ tàbí ibi wòlímọ̀ ọmọ tó parí Kùránì yóò ti rí irú rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá fún àwa tí a ń gbé Òkè Ọya? Èkíní, owó ṣọ́ọ̀bù kò rọrùn, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ní ọmọ kékeré tí kò ṣeé fi sílẹ̀ lọ jókòó sí ọjà. Èkejì, àwọn tí rògbòdìyàn Kàdúná ọdún 2000 tàbí ti Jos ọdún 2001 ba ọjà wọn jẹ́ mọ̀ pé ohun tí a fi ogún ọdún kó jọ lè jóná lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í jóná. Ibi tí olúwa rẹ̀ bá gbà lọ ni yóò bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a fẹ́ràn nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí a fi í ṣòwò. Ohun kan pàtàkì tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ẹni tí kò bá ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ iye owó ọjà rẹ̀ kò tíì máa ṣòwò; owó ilé ló ń fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ilé ti ń kú nìyẹn. Ìyá á ṣiṣẹ́ títí òru, ojú á pọ́n, owó oúnjẹ á sì máa dín, títí baálé yóò fi ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

ẸNI TÓ TI ṢE É RÍ

Ní ìlú Worcester ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Esther Howland. Ó jáde ilé-ìwé ní ọdún 1847, bàbá rẹ̀ sì ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé. Ó rí káàdì kan tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Valentine, ó sì rò ó pé òun lè ṣe èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe díẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ó kó wọn fún arákùnrin rẹ̀ tó ń rin ìrìn àjò ọjà fún bàbá wọn. Ìrètí rẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà yóò bèèrè èyí tó tó dọ́là 200. Nígbà tí arákùnrin rẹ̀ padà dé, ohun tí wọ́n bèèrè ti ju dọ́là 5,000 lọ.

Ọwọ́ ènìyàn kan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin wá sílé, ó sì pín iṣẹ́ fún wọn: ẹnì kan ń gé àwòrán, ẹnì kan ń to nǹkan sójú bébà, ẹlòmíràn ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó tún ń tẹ lẹ́tà H pupa sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ló ṣe é. Títí di ọdún 1881 tí ó ta òwò náà fún ẹlòmíràn ni ó fi ń ṣe é.

Kì í ṣe nítorí àjọ̀dún wọn la ṣe mú ìtàn yìí wá. Ètò rẹ̀ la fẹ́ kí ẹ wò. Ó ṣe àpẹẹrẹ díẹ̀ kí ó tó ná owó púpọ̀. Ó jẹ́ kí oníbàárà bèèrè kí ó tó ṣe ọ̀pọ̀. Ó pín iṣẹ́, ó sì fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe káàdì ní Kano, ní Minna tàbí ní Ṣókótó lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lónìí.

BÍ A ṢE Ń ṢE É KÍ Ó TÓ OHUN TÍ A Ń TÀ

Bébà fọ́tókọ́pì lásán máa ń jẹ́ gíráàmù 80; kò lè dúró fún káàdì. Ẹ bèèrè bébà líle tó wà láàárín gíráàmù 200 sí 300. Bí ẹ bá gé bébà A4 kan sí méjì, tí ẹ sì ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po sí méjì, káàdì méjì ni yóò fún yín, wọn yóò sì wọ inú àpò lẹ́tà tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní C6 láìfún mọ́ra.

Bébà ní ìlà ara gẹ́gẹ́ bí igi ṣe ní i. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ lóòró, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ níbùú. Ọ̀nà tó bá ti rọ̀ jù ni kí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ fi báírò tí tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ fa ìlà sí ojú ibẹ̀. Bí a kò bá ṣe èyí, ẹ̀yìn káàdì yóò là, oníbàárà yóò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Gọ́ọ̀mù tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ a máa mú kí bébà wú, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa lò ó. Nígbà ọyẹ́ bébà a máa ká, nígbà òjò a sì máa fa omi. Inú ọ̀rá ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, ní títẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó wúwo lé e.

OHUN TÍ A Ń KỌ SÍ I

Níbi tí a wà yìí, èdè tí a ń kọ sára káàdì lè ju ẹyọ kan lọ, àǹfààní ńlá sì ni fún wa. Ẹni tó bá lè kọ “Ẹ kú ọdún Iléyá” fún àwọn ará ilé, tó sì lè kọ “Barka da Sallah” fún aládùúgbò Hausa, ti ní ọjà méjì. Ẹ kọ èdè kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ẹ fi àmì sórí Yorùbá. Ẹ má ṣe fi b, d àti k lásán rọ́pò ɓ, ɗ àti ƙ ti Hausa. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ Hausa kan yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Lárúbáwá ló wà níwájú káàdì, ibi tí a ti ṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún, nítorí pé láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka ìwé wọn.

Orúkọ ni ká ṣọ́ jù lọ. Rafiu kì í ṣe Raufu. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa ni kò fẹ́ kí a kọ orúkọ Ọlọ́run tàbí àyà Kùránì sí ohun tó lè bọ́ sí ààtàn. Ẹ bèèrè kí ẹ tó kọ ọ́. Òdòdó, ilé mọ́ṣáláṣí, ìràwọ̀ àti iṣẹ́ ọnà olówò wà tí a lè lò dípò.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ta ló tún ń ra káàdì nígbà tí WhatsApp wà?” Òótọ́ ni pé ìkíni orí fóònù yá, kò sì gbówó lérí. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ló ń wọlé lọ́jọ́ ọdún, kì í sì í pẹ́ tí a fi ń gbàgbé wọn. Káàdì tí a kọ orúkọ ọmọ sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, inú àpótí ni ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ lo fóònù náà láti fi àwòrán iṣẹ́ yín han àwọn ẹgbẹ́ alásàlátù àti àwọn ará ilé. Ọ̀nà ìpolówó ni.

BÍ A ṢE Ń DÁ IYE LÉ E

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò káàdì 20. Iye tí a lò níhìn-ín, àpẹẹrẹ lásán ni. Kí oníkálukú fi iye ọjà ìlú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Bébà líle 10, ní ₦150: ₦1,500
Àpò lẹ́tà 20, ní ₦100: ₦2,000
Ríbọ́ọ̀nù, gọ́ọ̀mù àti tàdáwà: ₦1,500
Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa: ₦500
Owó ọkọ̀ lọ sí ọjà àti bọ̀: ₦1,500
Àpapọ̀: ₦7,000

Èyí fi hàn pé káàdì kan ti jẹ ₦350 kí a tó ka iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì wákàtí, wákàtí mẹ́wàá ni ogún yóò gbà. Bí a bá fi ₦600 ṣe owó iṣẹ́ wákàtí kan, ó di ₦6,000, ìyẹn ₦300 lórí káàdì kan. Ó ti di ₦650. Ẹ fi ₦150 kún un fún ìdàgbàsókè òwò, ó di ₦800.

Ẹ wá wo ìyá tó ń tà á ní ₦400. Bébà ₦75 àti àpò lẹ́tà ₦100 nìkan ló rí, ó sì rò pé òun ń jèrè ₦225. Ní tòótọ́, ₦8,000 ni yóò gbà lórí ogún, ₦7,000 sì ti lọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló kù fún wákàtí mẹ́wàá, ₦100 fún wákàtí kan! Bí iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rẹ̀ ẹ́ sí i.

Bí oníbàárà bá ní ₦800 ti wọ́n jù, ẹ má ṣe gé owó iṣẹ́ yín. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ni kí ẹ dín kù. Ẹ ṣe irú kejì tí ọnà rẹ̀ kò pọ̀, tí kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò di ₦150, ẹ ó sì lè tà á ní ₦650. Bí ìyá mẹ́ta bá para pọ̀ ra bébà, owó ọkọ̀ náà yóò tún dín.

OWÓ ÒWÒ YÀTỌ̀ SÍ OWÓ ỌBẸ̀

Tí ₦16,000 bá wọlé lórí ogún káàdì, ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí. ₦7,000 jẹ́ ojú owó. Ọjà ló ń padà sí. ₦6,000 jẹ́ owó iṣẹ́ yín. Ẹ lè ná an. ₦3,000 jẹ́ ti òwò. Òun ni yóò ra ohun èlò tó dára sí i. Àpò mẹ́ta tàbí agolo mẹ́ta ti tó. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ní ti àwìn, ará ilé àti ará ìlú ẹni ló ń kọ́kọ́ rà, àwọn náà ló sì máa ń sọ pé “Màá fún ọ tó bá di ìparí oṣù.” Kì í ṣe ìwà àìlójútì láti gba ìdajì owó sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá nítorí pé káàdì tí a ti kọ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn sí kò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí tó bá kù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò san án. Àyà 282 nínú Súrátùl Bákárà ti pàṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀, òun náà ló sì gùn jù lọ nínú gbogbo Kùránì. Kò sí ẹni tó yẹ kí ó bínú sí i.

ÌGBÀ TÍ ỌJÀ Ń YÁ

Ọdún ọjọ́ òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ọdún Òyìnbó, nítorí náà àwọn ọdún wa ń sún síwájú lọ́dọọdún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtúnu ààwẹ̀ láti oṣù Ṣáábánù, nítorí pé òru Ràmàdáánì kì í ṣe ìgbà tó yẹ kí gọ́ọ̀mù máa dá wa dúró. Láti ọjọ́ ìtúnu sí Iléyá kò ju bí oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ìpadàbọ̀ àwọn alálàájì sì tẹ̀lé e. Láàárín ọdún, yìgì, ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀ kì í tán.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín ṣe é nígbà ìsinmi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èyí tó kéré lè máa to àpò lẹ́tà, èyí tó dàgbà lè máa gé bébà, kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan nínú owó iṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ láti kékeré pé iṣẹ́ ọwọ́ ní iye.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍLÉ ÀTI NÍ ÌPÀDÉ

1. Nínú ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, èwo ni àwọn ènìyàn ń bèèrè lọ́wọ́ yín?
2. Wákàtí mélòó ni ẹyọ kan ń gbà? Ẹ fi aago wọ̀n ọ́n, ẹ má ṣe fojú bù ú.
3. Ẹ fi iye ọjà ìlú yín ṣe ìṣirò ogún káàdì. Èló ló yẹ kí ẹ máa ta ọ̀kọ̀ọ̀kan?
4. Ta ni ẹ lè bá para pọ̀ ra ohun èlò ní àdúgbò yín?

Kí ẹ má ṣe dúró de owó ńlá. Bébà mẹ́wàá ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.